ÌFẸ́ INÚ ÌWÉ ÌTÀN: BÁWO NI A ṢE LÈ KỌ Ọ́ KÍ ÒǸKÀWÉ GBÀ Á GBỌ́?

 

Nígbà tí mo kọ ìtàn ìfẹ́ mi àkọ́kọ́, mo kó ọ̀rọ̀ dídùn sínú rẹ̀ bí ẹni da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyàwó mi kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Bàbá Túndé, iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin yìí ń ṣe? Ta ni ìyá ọmọbìnrin náà? Ṣé wọn kì í jà ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ méjì wá. Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ó di ìwé ní ọdún 1930. Ọkùnrin ni ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ni ó ṣe kọ ọ́, láti ọwọ́ obìnrin tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí ó ń ròyìn àwọn ọkùnrin tí ó ti bá ṣe wọléwọ̀de. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Kí ló fà á? Ó dárúkọ àwọn ibi tí ará Èkó mọ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí ó ń tì í lójú.

Èkejì ni Stay With Me, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2017. Ní Iléṣà, Yéjídé ń ṣe irun, Akin ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Ọmọ kò dé, ni ẹbí ọkọ bá mú ìyàwó kejì wá. Ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ni a fi mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ohun tí ọkọ fi pamọ́ fún ìyàwó, nítorí ẹ̀rù kí ó má baà pàdánù rẹ̀, ni a fi mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ fún olólùfẹ́ méjèèjì níṣẹ́ àti ẹbí kí wọ́n tó pàdé. Ẹ fún wọn lóhun tí wọ́n ń fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà, kí ẹ̀bẹ̀ sì ṣòro. Obìnrin tí ó gbé oúnjẹ pamọ́ de ọkọ tí wọ́n jọ ń bínú ti sọ̀rọ̀ ìfẹ́, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi kì í rí bí àwọn àgbà ilé ṣe ń parí ìjà tọkọtaya. Inú ìwé àti fíìmù ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí ìfẹ́ jẹ́. Bí a bá kọ irọ́ fún wọn, irọ́ náà ni wọn yóò gbé wọ ilé ọkọ àti ilé aya.

Mo tún ìtàn mi kọ. Ọmọkùnrin náà di télọ̀, ìyá ọmọbìnrin kò sì fẹ́ ẹ rárá. Ìyàwó mi kà á, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní: "Ṣé ìyá náà gbà níkẹyìn?" Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti gbà á gbọ́.