Dùùrù Orí Ìtàgé àti Ọwọ́ Ẹni tí Ń Tẹ̀ Ẹ́

Dùùrù díjítà ti inú ilé ní gbohùngbohùn nínú. Ti orí ìtàgé kì í sábà ní in, nítorí pé ẹ̀rọ gbọ̀ngàn ni yóò gbé ohùn rẹ̀ dé etí àwùjọ. Ṣùgbọ́n ojú dùùrù náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní 1983, Yamaha gbé DX7 jáde. Kì í ṣe dùùrù ìtàgé ní pàtó, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ó lò ó níbẹ̀. Bọ́tìnnì pẹlẹbẹ àti ojú ìkàwé onílà méjì ni a fi ń darí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohùn ṣe yóò máa wá a bí ẹni tí ń tú ìsàlẹ̀ àpótí. Èyí kò burú nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Lórí ìtàgé ńkọ́? Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ọwọ́ méjèèjì kò ráyè, akọrin kò sì ní dúró deni.

Ní tèmi, ọ̀nà tí Clavia ti Sweden tọ̀ nínú Nord Stage ní 2005 ni ó yẹ: ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ní bọ́tìnnì tàbí ohun àfọwọ́yí tirẹ̀ lójúkojú. Yamaha pàápàá ṣe irú rẹ̀ sí CP88 ní 2019. Àwọn kan ní ojú rẹ̀ kún jù. Ó lè kún lójú ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀. Ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ kò ráyè ka nǹkan kan, ìka ni ó fi ń mọ̀nà.