Páàtì Wo Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Tún Ọkọ̀ Yín Ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ojú fóònù ní Otigba, ní Computer Village, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú?" Kí ló dé tí a kì í béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ń tún ọkọ̀ wa ṣe?

Third party kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe; comprehensive ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá yín padà sí ipò tí ẹ wà kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Bí iná ọkọ̀ yín bá ti jẹ́ tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má retí tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojúlówó, òṣùwọ̀n èké ni kí wọ́n fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ irú páàtì tí wọ́n máa lò sílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso adójútòfò, tàbí FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Ẹ̀tọ́ là ń béèrè, a ò wá ìjà.