Àwa Àlejò Inú Ilẹ̀ Bell



Ìlú Douala tí a péjọ sí yìí ní ìtàn kan tí ó yẹ kí àwa àlejò inú rẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884, ọba Bell àti ọba Akwa bá àwọn oníṣòwò Jámánì ṣe àdéhùn pé ilẹ̀ ìlú wọn àti oko wọn kì yóò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 1910, àwọn aláṣẹ Jámánì pète láti lé àwọn Duala kúrò létí odò, kí òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó kìlómítà kan sì wà láàrin dúdú àti funfun. Ibà ni wọ́n fi ṣe àwáwí. (Ní ọdún náà gan-an ni ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ya àdúgbò aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀.) Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ-ọmọ ọba tí ó tọwọ́ bọ̀wé, kò yọ idà, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ó kọ sí ilé aṣòfin wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, 1914, wọ́n so òun àti Ngoso Din, akọ̀wé rẹ̀, rọ̀.

New Bell, ibi tí wọ́n lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ni ó wá di àdúgbò àlejò: Hausa, Bamileke, àti àwa ọmọ Nàìjíríà. Àwọn kan nínú wa a máa ráhùn pé onílẹ̀ ń fojú àlejò wò wá. Òótọ́ ni, ó sì ń dun ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ di àlejò nínú ilé baba rẹ̀? Nítorí náà ni a fi rán àgbà mẹ́ta sí ìdílé onílẹ̀, kí a tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìsìn wa lélẹ̀ ní New Bell.