Bí Alùpùpù Tí Omi Wọ̀ Bá Ń Kú Lójijì Lójú Ọ̀nà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tó wà ní ibùdó sọ)

Ọ̀rọ̀ alùpùpù la fẹ́ sọ lónìí, nítorí a ti ń rí àwọn kan nínú yín tó ń ta ọ̀kadà wọn ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀kadà yẹn ni owó ilé ìwé, òun ni oúnjẹ alẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tà á. Ohun tó ń ṣe é lè máà ju omi ife kan lọ nínú táǹkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Omi bo alùpùpù tí a fi ń gbé ìrẹsì kiri. Bí omi ṣe fà, a ò yẹ nǹkan kan wò, a tẹ kíìkì, ó kọ̀. A fi jíà sí i, a tì í, ó sì ṣe “kọ̀ọ́!” Omi ló wà lórí písítìn. Omi kì í sì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin tó gbé písítìn ló tẹ̀. Owó tí a fi tún un ṣe ìbá ra ọ̀pọ̀ àpò ìrẹsì.

Kí ẹ tó tan án

Alùpùpù tí omi bò, ẹ má tẹ kíìkì rẹ̀, ẹ má sì tì í, àfi tí ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Tí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tẹ kíìkì jẹ́jẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá. Omi yóò tú jáde láti ihò púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ́ìlì. Bó bá rí bíi tíì tí a fi mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ tú u dànù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ rọ tuntun sí i, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì tún pààrọ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé ọ́ìlì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì wọ́n jù ú lọ.

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kú lójú ọ̀nà

Ẹ fara balẹ̀ wo bó ṣe ń kú. Bó ṣe kú ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é.

1. *Ó ń wúkọ́, ó ń já, ó kú. Ó sinmi díẹ̀, ó tún jí.* Omi ló wà nínú epo. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa ń sùn sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu tí ẹ́ńjìnì ti ń fa epo wà. Ẹ̀yin tó ń gùn ún lórí rìsáfù lẹ máa kọ́kọ́ fa omi náà, torí ìsàlẹ̀ pátápátá ni rìsáfù ti ń mu. Ẹ tú epo sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí ìlà láàárín epo àti omi. Sukúrúù kékeré kan wà nísàlẹ̀ kábúrẹ́tọ̀. Ẹ tú u, kí omi tó wà níbẹ̀ dà nù.

2. *Ó sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kú.* Ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá gbọ́ “fíì”, tó sì tún gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ ti dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì. Abẹ́rẹ́ àti omi ọṣẹ tó láti ṣí i.

3. *Ó kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé a pa kọ́kọ́rọ́, pàápàá tó bá bọ́ sí kòtò tàbí tí ìrì sẹ̀.* Iná ni. Ẹ nu orí púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ gbẹ, ẹ wo ibi tí wáyà ti ń dípẹtà.

4. *Kò kú, ṣùgbọ́n kò lágbára, kò lè gun òkè.* Ẹ wo fíltà. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ sá a síbi òjìji. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹnu sáléńsà bóyá ẹrẹ̀ dí i. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí kò bá yí, bíréèkì ló mú un. Ní ti alùpùpù kékeré tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, bí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí táyà ò lọ, bẹ́líìtì rẹ̀ lè ti rin. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ ṣọ́ ẹ̀mí yín

Ọ̀kan nínú wa gbé ọmọ méjì sẹ́yìn, ọ̀kadà rẹ̀ kú láàárín títì, típà sì ń bọ̀. Díẹ̀ ló kù. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni, ẹ gùn ún fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nítòsí ibùdó. Bó bá kú lójú títì, ẹ má bá a jà níbẹ̀: ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ ọmọdé kalẹ̀ ná.

Ẹ má fi ẹnu fa epo. Ẹ má fi àbẹ́là tàbí fìtílà wo inú táǹkì. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọ ibi tí a ń sùn sí.

Ohun tó bá ju agbára yín lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ sọ bó ṣe ń kú fún un, kó má baà tú ohun tí kò yẹ kó tú. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ yìí, a ó lọ sábẹ́ igi pẹ̀lú sípánà wa. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó tì í wá, kó mú àkísà àti ìgò kan dání. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó wò wọ́n.