Lẹ́tà Tó Padà Wá, Tí A Kò sì Fi Ránṣẹ́

Nígbà tí a bá ti mọ ìwé kà, ohun tí ó kù ni kí a mọ irú ìwé tí ó yẹ kí a gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Púpọ̀ nínú yín ti ń lo ímeèlì, ìyẹn lẹ́tà tí à ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kọ, tí kò gba sítáǹbù. Ẹ lè ṣí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ bá ìwé kan níbẹ̀ tó ń sọ pé lẹ́tà tí ẹ kọ sí Lágbájá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ti dá a padà. Ẹ ronú títí, ẹ kò mọ Lágbájá rí. Wọ́n sì so fáìlì kan mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n ní kí ẹ ṣí i kí ẹ lè rí lẹ́tà yín. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti wá.

Gbogbo wa mọ bí pósítọ́fíìsì ti ń ṣe. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Ìbàdàn, tí wọn kò rí ẹni náà, wọn a wo ẹ̀yìn àpò lẹ́tà, wọn a sì dá a padà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé, "Ṣé ìwọ gan-an lo kọ ọ́?" Bí alárékérekè kan bá kọ orúkọ Ìyá Àlàbá sẹ́yìn lẹ́tà tirẹ̀, ilé Ìyá Àlàbá ni lẹ́tà yóò padà sí. Ìyá Àlàbá á kàn máa wò ó ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ímeèlì. Ní 1982 tí Jon Postel kọ ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn, àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Ìlànà náà kò ní kí a wádìí bóyá olùfiránṣẹ́ ni ẹni tó pe ara rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ṣe ìdènà lóríṣiríṣi. Láti oṣù Kejì 2024, Google àti Yahoo ní kí àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu máa fi ẹ̀rí hàn pé tiwọn ni adírẹ́sì tí wọ́n ń lò. Ó ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò tíì tì pa.

Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ló dá lẹ́tà padà lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi adírẹ́sì yín bojú. Èyí kò pa yín lára. Ẹ pa á rẹ́, ẹ má fèsì, ẹ má sì ṣí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, nítorí ẹrù alárékérekè náà ló wà nínú rẹ̀.

Èkejì ló burú jù. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni pàkúté. Kò sí lẹ́tà kankan tó padà. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Mydoom. (Kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ o. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, àṣẹ tí wọ́n fi pamọ́ sínú fáìlì pé kí kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí onílé kò rán an.) Lẹ́tà tó ń gbé e kiri a máa ní àkọlé bíi "Mail Delivery System", bí ẹni pé ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà ló kọ ọ́. Ènìyàn á rò pé lẹ́tà òun ló padà, á ṣí fáìlì náà. Bó ṣe ṣí i báyìí, kòkòrò á kó gbogbo adírẹ́sì tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, á sì kọ orúkọ ẹlòmíràn bí olùfiránṣẹ́. Ó tún ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé nígbà tó bá yá. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti lọ́: ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni àwọn ènìyàn ń bá jà.

Báwo ni a ṣe lè mọ ojúlówó? Ojúlówó a máa dárúkọ adírẹ́sì tí lẹ́tà kò dé, a sì máa sọ ìdí rẹ̀, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 550. Ṣùgbọ́n olè náà mọ 550 kọ. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n kọ Sent sí, níbi tí lẹ́tà tí ẹ ti fi ránṣẹ́ wà. Bí ẹ kò bá bá a níbẹ̀, ẹ má dá ìwé náà lóhùn. Bí ẹ bá sì bá lẹ́tà tí ẹ kò kọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di méjì: ẹnì kan ti wọ inú àpótí yín.

Ẹ tún wo ìrù fáìlì, ìyẹn ohun tó tẹ̀ lé àmì ìdánudúró tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ rẹ̀. Fọ́tò ni jpg. Àṣẹ ni exe, scr, vbs àti js, ẹ má ṣí wọn. Àpò tí a di lẹ́nu ni zip. Ní oṣù Karùn-ún 2000, kòkòrò kan tó ti Philippines wá ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ máa ń fi ìrù ìkẹyìn pamọ́, nítorí náà TXT nìkan ni wọ́n rí. Ta ni kò ní fẹ́ ka lẹ́tà ìfẹ́? Ẹran tó bá ní ìrù méjì, ẹ má rà á. Ní ti html, ó lè ṣí ojú ewé tó jọ ti ilé-iṣẹ́ ímeèlì yín gẹ́lẹ́, kó ní kí ẹ kọ páàsíwọọ̀dù yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń wọlé. Ẹ̀rọ tó ń dá lẹ́tà padà kì í béèrè páàsíwọọ̀dù.

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló wà nínú ímeèlì mi tí olè fẹ́ jí?" Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé páàsíwọọ̀dù ibòmíràn, inú ímeèlì yìí ni wọ́n ń fi ọ̀nà àtitún un ṣe ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wọ Facebook yín, kó máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà ní London. Bó bá jẹ́ ti akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, olè á jókòó jẹ́jẹ́, á máa ka lẹ́tà wọn, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó ọjà. Nọ́ńbà báńkì tirẹ̀ ni yóò wá kọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣí fáìlì náà ńkọ́? Ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí páàsíwọọ̀dù padà, kí ẹ sì sọ fún báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yẹ kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó tún lò ó. Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn sábà ń gbàgbé: olè lè ti pàṣẹ fún ímeèlì yín pé kó máa fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun, àṣẹ náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí páàsíwọọ̀dù padà. Inú ètò ímeèlì náà ló ń wà, níbi tí wọ́n kọ Forwarding sí. Bí ẹ bá bá adírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.