Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Fẹ́ Lọ Ṣe ní Kámpù Síkáòtù?

Ọ̀rọ̀ ádímíìnì lórí fóìsì. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Mabera àti gbogbo ẹni tó wà lórí gúrúùpù yìí káàkiri Sókótó, ìbéèrè tí ìyá aláṣọ kan gbé síbí lánàá ni mo fẹ́ dáhùn. Ọmọ rẹ̀ mú ìwé wálé láti iléèwé pé àwọn Síkáòtù fẹ́ ṣe kámpù ọlidé fún ọjọ́ márùn-ún, kí òbí buwọ́ lù ú, kó sì san owó oúnjẹ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èsì ti lé ní ogójì. Ẹnì kan ní eré lásán ni. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ awo ni, torí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Òmíràn ní ta ló máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan wá béèrè pé, "Nínú Sókótó tí a wà yìí, igbó wo ni wọ́n fẹ́ kó ọmọ wa lọ?"

Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lu ìwé láìbéèrè àwọn nǹkan tí màá kà sílẹ̀ ní ìparí. Ẹ gbọ́ mi tán ná.

OHÙN KEJÌ

Ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Baden-Powell ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1907, ó kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Brownsea, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan jẹ́ ọmọ olówó tó ń lọ iléèwé ńlá, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó da ọmọ olówó pọ̀ mọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 1908 ó kọ ìwé lé e lórí. Nígbà tó fi máa di 1915, Síkáòtù ti dé Nàìjíríà, àwọn Gàìdì tó wà fún ọmọbìnrin sì tẹ̀ lé e ní 1919. Kì í ṣe nǹkan tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Mabera lánàá.

Ọ̀wọ́ tí mo pè yẹn, pátíróòlù ni àwọn ń pè é. Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ kámpù wà. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe àgbẹ̀, ẹ rántí àárọ̀: lónìí, oko Lágbájá la máa ro, lọ́la ó di oko tèmi. Ẹni tó bá sá lọ́jọ́ oko ẹlòmíràn, ó mọ̀ pé oko tòun á kún fún igbó. Bí ọ̀wọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ tó máa dúró máa wòran, torí tó bá ń wòran, iṣẹ́ ẹnì kan á ti bàjẹ́.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa ní Mabera. Láti iléèwé, wọ́n ti bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù; láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti bọ́ sídìí fóònù. Wọ́n mọ owó ṣẹ́ńjì, wọ́n gbọ́ Haúsá ju àwa tó bí wọn lọ. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n ti ń mọ èèyàn, ẹni tó bá sì wà níwájú káńtà, oníbàárà ló jẹ́. Ìlú tí a ò ti ní bàbá àgbà, aládùúgbò ni mọ̀lẹ́bí. Ìgbà wo ni ọmọ wa fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbára lé ọmọ Haúsá, ọmọ Nupe, ọmọ Ígbò, tí àwọn náà á sì gbára lé e?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ńkọ́? Ìtàn tí àwọn Síkáòtù fúnra wọn ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun Àṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà ni Baden-Powell ti mú un wá. Ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú. Ẹni tó bá gbé asà sílẹ̀ láti fi ọwọ́ yẹn bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ẹ nìyẹn. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Àmọ́ àwa Yorùbá ò fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, Haúsá náà ò gbà á. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín pé àárín ẹgbẹ́ ni kó ti máa lò ó. Tó bá fọwọ́ òsì na ṣẹ́ńjì sí Alhaji tó wá ra ọṣẹ, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní ẹ ò kọ́mọ.

OHÙN KẸTA

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká kà á.

Àkọ́kọ́, àgọ́ pípa. Ẹnì kan di òpó mú, àwọn kan fa okùn, ẹlòmíràn ń gbá èèkàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó di òpó mú kò rí ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn ń ṣe, ó ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Tí ẹnì kan bá jọ̀wọ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wó lu gbogbo wọn.

Ìkejì, okùn. Oríṣiríṣi kókó ni wọ́n ń kọ́. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ wà tí wọ́n fi ń di báńdéèjì, kó má baà máa gún ẹni tó fara pa. Òmíràn wà tó máa ń ṣe bí òrùka tí kì í fún mọ́ èèyàn lára, wọ́n lè fi fa ẹni tó jìn sí kòtò jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi okùn àti igi ṣe afárá kékeré tàbí tábìlì, láìlo ìṣó. Ẹ̀yin tí ẹrù yín ti já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ rí láàárín Tambuwal sí Sókótó, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìdì ẹrù dáadáa ń gbà là.

Ìkẹta, oúnjẹ. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dáná tiẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa lọ lọ́dún tó kọjá. Ó ní lọ́jọ́ kejì, àwọn méjì ń jà lórí ẹni tó kàn láti pọn omi, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ti wà lórí iná. Ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ọ̀gá wọn wò wọ́n, kò fi oúnjẹ míì rọ́pò. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àtèyí tó jóná àtèyí tí ò jóná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn gba bébà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa pọn omi àti ẹni tó máa wá igi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgọ́. Ìyá ẹ̀ ní tí òun bá pariwo fún oṣù mẹ́fà, òun ò lè rí irú ìyẹn kọ́ ọ.

Ìkẹrin, ìrìn. Wọ́n á fún wọn ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, kí wọ́n wá ọ̀nà. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹni tí ò lè yára rìn ni gbogbo ọ̀wọ́ máa tẹ̀ lé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá ò gbọ́dọ̀ sáré lọ láti lọ jókòó dè wọ́n. Tí ọ̀wọ́ ò bá tíì pé, wọn ò tíì dé.

Ìkarùn-ún, eré kan tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á to bí ogún nǹkan kéékèèké sórí páànù: bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́, owó, pẹ́ńsù, òkúta. Wọ́n á jẹ́ kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á bò ó, kí ọ̀wọ́ wá kọ ohun tí wọ́n rí. Ojú ẹnì kan ò lè rí gbogbo ẹ̀, àmọ́ ojú mẹ́jọ máa ń súnmọ́ ọn. Ẹ sọ fún mi, ọlọ́jà wo ni kò nílò irú ojú bẹ́ẹ̀?

Lálẹ́, wọ́n á yí iná ká, wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣeré. Ọmọ Haúsá á sọ tatsuniya tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ní àlọ́ kan tó máa pa o, kó má lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ò nílé.

OHÙN KẸRIN

Mo wá dé ibi ìbẹ̀rù, òótọ́ sì ni ìbẹ̀rù yẹn. Gbogbo wa mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́nà Isa, Sabon Birni àti Goronyo. Àwọn ọjà kan wà tí àwa fúnra wa ò ná mọ́. Nítorí náà, kámpù inú igbó ò sí nínú ọ̀rọ̀ wa. Àmọ́ kò di dandan kí kámpù wà nínú igbó. Ọgbà iléèwé tó ní fẹ́ǹsì, tó wà láàárín ìlú, tó ní kànga àti géètì tí èèyàn ń ṣọ́, ó tó. Àgọ́ máa dúró níbẹ̀, okùn máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìrẹsì náà á sì jóná níbẹ̀. Kí wọ́n rin ìrìn wọn lójú mọmọ, ládùúgbò tí àwọn ọ̀gá wọn mọ̀.

Ìkejì, omi. Àsìkò òjò la wà. Odò Rima àti odò Sókótó máa ń kún lásìkò yìí. Ẹni tó wà níbí ní 2010, tí omi Goronyo ya, mọ ohun tí odò wa lè ṣe. Kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀rọ̀ odò nínú ètò wọn, ì báà jẹ́ láti fẹsẹ̀ wọ omi.

Ìkẹta, ìlera. Kí ọmọ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, torí òjò ti mú ẹ̀fọn pọ̀. Kí omi mímu wà nítòsí ní gbogbo ìgbà. Tí àrá bá ti ń sán, kí wọ́n kúrò nínú àgọ́ àti lábẹ́ igi, kí wọ́n wọ inú ilé. Ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ SS tàbí tó ní ikọ́ fée, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Òùngbẹ, òtútù àti àṣejù iṣẹ́ lè gbé ìrora dìde fún ọmọ SS. Ọ̀gá tí ò mọ̀ ò lè ṣọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kó oògùn ẹ̀ fún wọn.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ẹ mú bírò. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀gá Síkáòtù fúnra ẹ̀, ẹ má rán ọmọ.

Ìkíní, ibo gan-an ni, ṣé ẹ lè lọ wò ó kó tó bẹ̀rẹ̀? Ìkejì, àgbàlagbà mélòó ló máa sùn níbẹ̀, ṣé obìnrin wà nínú wọn, ṣé ibùsùn ọmọbìnrin yàtọ̀? Òfin tiwa ni pé àgbàlagbà kan ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi kọ́lọ́fín. Ìkẹta, ta ló ń kà wọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Ìkẹrin, tí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, ilé ìwòsàn wo, ọkọ̀ ta ni? Ìkarùn-ún, ṣé wọ́n máa fún wọn láyè láti kírun, kí àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì náà sì gbàdúrà tiwọn?

Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Èyí tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á ti ní ìdáhùn lẹ́nu, inú ẹ̀ á tún dùn pé ẹ béèrè.

Ti ṣọ́ọ̀bù wá kù. Ohun tí mo rò ni pé kí àwa náà ṣe ọ̀wọ́ tiwa. Kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn pawọ́ pọ̀: bí ọmọ méjì bá lọ, kí àwọn méjì tó kù máa bá wọn mójú tó ọjà fún ọjọ́ márùn-ún yẹn. Tó bá di kámpù míì, kí ẹ yí i padà. Ẹni tí owó oúnjẹ bá ní lára, kó bá èmi tàbí ìyá olówó àjọ wa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ká wo ohun tó wà nínú àpò gúrúùpù. Kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Èmi àti ẹni méjì máa lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́rú lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ohun tí a bá rí níbẹ̀, bó ti wù kó rí, la máa sọ síbí. Ó dàárọ̀ o.