Páńẹ́lì Wo Ni Ká Rà fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa?

 

A ti dáwó láti gbé sólà sórí òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ rà kí owó tó kúrò lápò. Ní 2023, nígbà tí owó epo bẹ́ sókè, èmi náà sáré ra páńẹ́lì kan tí wọ́n kọ 300 wáàtì sí lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó ṣe kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Mónò, tó dúdú, ń sọ nǹkan bíi 20 sí 23 di iná nínú gbogbo 100 agbára oòrùn tó bá bọ́ sí i lára. Pọ́lì, aláwọ̀ búlúù, ń ṣe bíi 15 sí 17. Ẹ̀kẹta ni thin-film. Irú rẹ̀ tó wà lára kakulétọ̀ wa kì í sábà kọjá 10. Èyí tí Bell Laboratories ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1954, 6 péré ni.

Àbí mónò nìkan ló dára ni? Rárá o. Pọ́lì 100 wáàtì àti mónò 100 wáàtì, bákan náà ni iná wọn. Pọ́lì kàn fẹ̀ jù ú lọ ni. Òrùlé wa sì fẹ̀ dáadáa. Èyí tí owó wáàtì rẹ̀ bá dínkù, tí ojúlówó rẹ̀ sì dájú, ni ká rà.

Báwo la ṣe máa mọ ojúlówó? Ẹ mú téèpù dání. Oòrùn ọ̀sán gangan ń dà bíi 1,000 wáàtì sórí mítà kan níbùú lóròó. Mónò tó dára yóò mú bíi 200 sí 230 níbẹ̀. Tèmi jẹ́ mítà 1.2 ní gígùn, 0.55 ní fífẹ̀: kò lè kọjá bíi 150! Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ooru náà ń dín agbára wọn kù. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí ààyè gbà láàárín páńẹ́lì àti páànù, kí àwọn ọmọ sì máa nu eruku ọyẹ́ kúrò.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí owó wa ṣòfò.